Òpó Ààfin àti Kóòtù Ìbílẹ̀: Ibi Tí Ìyàwó Ń Sá Lọ

Gbogbo wa la ti rí i rí. Ìyàwó kan á kó ẹrù wá sílé bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ á ti wú, àwọn àgbà ilé á pe ìpàdé. Kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnìkan nínú wọn á ti sọ pé láyé àtijọ́, obìnrin kì í kọ ọkọ. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á sì mú un padà síbi tó ti ń bọ̀. Àwa ò wá bá àgbà jà o. Ìtàn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, ìtàn náà la sì fẹ́ yẹ̀ wò.

Bí wọ́n bá fẹ́ pe ẹlẹ́rìí, wọ́n lè pe Àlùfáà Samuel Johnson. Ọ̀yọ́ ló ti ṣiṣẹ́ ìjọ. Ọdún 1897 ló parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, àmọ́ 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson. Johnson ní ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín Yorùbá débi pé ká kúkú sọ pé kò sí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kan náà ló ti mẹ́nu bà á pé obìnrin lè béèrè ìkọ̀sílẹ̀ bí ọkọ bá ń hùwà ìkà sí i, tí ẹlẹ́rìí sì wà. Ohun tí kò sí, kí ló dé tó fi ní òfin?

Èdè wa pàápàá ò gbè wọ́n lẹ́yìn. Dálémosú tí à ń pe obìnrin tó ti ilé ọkọ padà wá gbé nílé bàbá rẹ̀, ṣé òyìnbó ló kọ́ wa ni? Òótọ́ ni pé ẹ̀gàn wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ohun tí kò rí rí lórúkọ? Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà, dìpómú. Ẹni tí ìyà ń jẹ, ìbáà ṣe ẹrú tàbí ìyàwó, á sá wọ ààfin tàbí ilé ìjòyè ńlá, á di òpó mú. Bó bá ti di òpó yẹn mú, ẹni tó ń lé e bọ̀ ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n mọ àṣà yìí dáadáa ní Abẹ́òkúta títí di ìgbà tí ìjọba òyìnbó ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Obìnrin tó dìpómú lè di ẹni tí á máa ṣiṣẹ́ nílé ìjòyè, ìjòyè náà sì lè fi í ṣaya. Ó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ kan, ó kó sọ́wọ́ òmíràn tí òun kọ́ ló yàn. Ẹ wá ro irú ìyà tó gbọ́dọ̀ ti jẹ ẹ́ kó tó gbà pé ìyẹn sàn.

Kí ló dé tí kò fi dúró sílé bàbá rẹ̀? Inú oko ni ìdáhùn wà. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń fẹ́ ọmọbìnrin sọ́nà fún ẹnìkan. Wọ́n á ṣe ìṣíhùn, wọ́n á ṣe ìdána, kó tó wá kan ìgbéyàwó. Ní gbogbo àkókò yẹn, àfẹ́sọ́nà á máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna, á máa ru iṣu wá lọ́dọọdún. Nígbà tí ọmọ bá fi máa sá wálé, bàbá ti jẹ iṣu tán, koríko ti hù lórí ebè tí wọ́n bá a kọ. Kí ló fẹ́ fi san án padà? Ti ìwọ̀fà tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọbìnrin bá ń sìn nítorí owó tí bàbá rẹ̀ yá, tí olówó wá fẹ́ ẹ, gbèsè náà di owó orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Irú ìyàwó bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ gbà á sílé?

Ara rẹ̀ ló ń san án. Ọmọ tí egungun ìbàdí rẹ̀ ò tíì gbó, bó bá lóyún, orí ọmọ lè há sójú ọ̀nà. Bí ilé ìwòsàn bá jìnnà sóko, ó lè rọbí fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Orí ọmọ á máa tẹ ẹran ara tó wà láàárín ojú ara àti àpò ìtọ̀, ẹran náà á kú, á sì lu. Ọmọ sábà máa ń kú. Ìyá tí kò bá kú, ìtọ̀ ò ní dúró lára rẹ̀ mọ́, á máa kán tọ́tọ́ lọ́sàn-án lóru. Iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe, bó bá rí ẹni tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àmọ́ àwọn ará ilé á ti ní ó ń rùn. A mọ orúkọ àwọn balógun Ìbàdàn àti Ìjàyè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló kọ ti ọmọ yìí sílẹ̀?

Nígbà tó yá, reluwé dé. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, lẹ́yìn tó ti gba Abẹ́òkúta kọjá. Owó wọlé, ọjà gbòòrò, ìjọba sì dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọba àti ìjòyè wá jókòó bí adájọ́. Obìnrin ya bò wọ́n. Ohun tí kóòtù ń béèrè ni pé kí owó ìdána padà sọ́wọ́ ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni iṣu àti ọ̀wẹ̀ di iye owó tí èèyàn lè kà. Obìnrin tó ní ìsọ̀ lọ́jà lè san án fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ló ń bá a san án. Àwọn ọkọ pariwo, àwọn ìjòyè bá wọn pariwo, wọ́n ní kóòtù ti ba ìyàwó jẹ́. Ó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀: ṣé obìnrin tí kì í kọ ọkọ náà ló tún ń kọ ọkọ jù? Ọmọ oko ńkọ́? Ìlú ni kóòtù wà, kò ní ìsọ̀, kò lówó lọ́wọ́, bó bá sì lọ, ti bàbá ni àwọn ọmọ tó bí.

Ní 1958, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣolórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, òfin kan jáde lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà lò. Ìdí mọ́kànlá ló kà sílẹ̀ tí ìgbéyàwó fi lè tú. Èkíní ni pé wọ́n fẹ́ ọmọ sọ́nà nígbà tí kò tíì tó ọjọ́ orí ìgbéyàwó. Ìfìyàjẹni, ìwà ìkà àti àìbìkítà náà wà níbẹ̀. Ó yẹ ká yìn wọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ìyókù. Ẹ̀kẹta ni àìsàn tí kò lọ, tó lè ba ọmọ bíbí jẹ́. Ẹ̀kẹrin ni kí ìyàwó yàgàn, tàbí kí ọkọ jẹ́ akúra. Ẹ wá mú ọmọ tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wá síwájú òfin yìí. Ìdí kìíní sọ pé kò yẹ kí wọ́n fi í fún ọkọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi í fún un, ó ti rọbí fún ọjọ́ mẹ́ta, inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kò bímọ mọ́. Ìdí kẹta àti ìdí kẹrin ti ṣílẹ̀kùn fún ọkọ láti lé e jáde. Èyí tí wọ́n ṣe fún un di ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, nínú ìwé kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá wọ reluwé l'Óṣogbo, tẹ́ ẹ kọjá Ìkìrun, Ọ̀fà lẹ máa já sí. Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ọ̀fà wà nígbà náà. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960 sọ ní abala 55 pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí ọkọ bá na ìyàwó láti fi bá a wí, tí àṣà ìbílẹ̀ wọn bá ti gbà á, tí kò sì ṣe é léṣe tó burú jáì.

Àwọn òfin mìíràn ti dé látìgbà náà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ṣègbéyàwó. Èkó ṣòfin lórí ìwà ipá nínú ilé ní 2007, Èkìtì ṣe tiẹ̀ lórí ìwà ipá sí obìnrin àti ọkùnrin ní 2011. Síbẹ̀, bí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ bá fẹ́ tú ní kóòtù ìbílẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ owó ìdána ṣì ń jẹ yọ. Bàbá ló gba owó náà, nígbà tí ọmọ ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń gbà. Ọmọ ni wọ́n ń bi pé, “Ta ló máa dá a padà?”