Nọ́ọ̀sì akunilóorun: Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nínú yàrá iṣẹ́ abẹ?

Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn, tó sì yọrí sí rere, dókítà tó mú abẹ lọ́wọ́ ni àwọn ẹbí máa ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó jókòó síbi orí aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀, tó ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n á kàn ní, "nọ́ọ̀sì tó fún mi lábẹ́rẹ́ oorun." Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, pàápàá àwọn jẹ́nẹ́rà àti ilé ìwòsàn ìjọ tó wà láwọn ìlú kéékèèké, nọ́ọ̀sì akunilóorun lẹni yẹn.

Orúkọ "alábẹ́rẹ́ oorun" yẹn gan-an ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Gígún abẹ́rẹ́ kì í gba àkókò. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé kí aláìsàn má bá oorun ọ̀hún lọ, kó má sì jí nígbà tí abẹ ṣì wà lára rẹ̀.

Ta ló lè ṣe é?

Kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ Nursing and Midwifery Council of Nigeria, ìyẹn àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa padà sílé ẹ̀kọ́ fún ọdún kan ààbọ̀, níbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ nípa oògùn, ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ̀nà èémí, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọkàn èèyàn bá dúró lójijì. Láwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, dókítà akunilóorun wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì yìí á sì máa bá wọn ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí ẹ bá kúrò ní ìlú ńlá díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló wà. Aláboyún tí ọmọ dábùú sí nínú ní aago méjì òru, òun ni wọ́n máa lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe àṣejù

Kí aláìsàn tó wọ tíátà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa wá bá a ní wọ́ọ̀dù, ó sì máa bi í ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àsímà? Oògùn wo lẹ ń lò? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí, báwo lẹ sì ṣe jí? Ṣé ẹnì kankan nínú ẹbí yín ti ní ìṣòro pẹ̀lú oògùn oorun rí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n á ní kí ló kan bàbá àwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn án. Àìlera kan wà tí wọ́n ń jogún, tó jẹ́ pé bí ẹni tó ní in bá gba irú oògùn akunilóorun kan, ara rẹ̀ á le gbagidi, á sì máa gbóná kọjá ààlà. Ó lè pa á. Bí nọ́ọ̀sì bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn mìíràn wà tó lè lò.

Á ní kí ẹ ya ẹnu yín, kí ẹ gbé orí sókè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò rọrùn láti ki rọ́bà èémí gba ọ̀fun yín kọjá, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá eyín kan ń mì. Ẹni tí jẹnótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kíákíá, torí òtútù, òùngbẹ àti àìtó ọ́síjìn lè gbé àìsàn náà dìde lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì máa ní láti mú kí ara rẹ̀ móoru, kó tètè fi dírípù sí i, kó má sì jẹ́ kí ọ́síjìn wọ́n ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le ni àgbo, ọtí, igbó àti tramadol. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn, wọ́n á ní àwọn ò fẹnu kan nǹkan kan rí. Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì akunilóorun kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn àgbo kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, òmíràn ń já ìfúnpá wálẹ̀, ẹni tó sì ti ń mutí tipẹ́ lè nílò ìwọ̀n oògùn tó yàtọ̀. Àṣírí aláìsàn wà lára ohun tí òfin iṣẹ́ rẹ̀ ní kó pa mọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó gbọ́, ẹ ní kí onítọ̀hún bọ́ síta ná.

Oúnjẹ tí wọ́n jẹ ní kọ̀rọ̀

Nínú gbogbo rẹ̀, eléyìí ló ń fa wàhálà jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kí oúnjẹ líle má wọ ẹnu mọ́ fún wákàtí 6 kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí 8 bó bá jẹ́ oúnjẹ olóròóró tàbí ẹran. Ọmọ ọwọ́ á dúró fún wákàtí 4 lẹ́yìn ọmú. Omi lásán, wákàtí 2. Ẹ̀kọ mímu àti tíì onímílíìkì, oúnjẹ ni, ẹ má pè é lómi.

Ìdí ni pé bí oògùn bá ti kun èèyàn lóorun, agbára ikọ́ àti ìgbémì rẹ̀ sùn pẹ̀lú rẹ̀. Bí nǹkan bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá sí ọ̀fun, kó sì yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi kíkan inú ikùn máa ń jó ẹ̀dọ̀fóró bí ásíìdì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ó sì máa ń rí báyìí: ọmọ ọdún mẹ́ta ń sunkún ebi láti ìdájí, ìyá àgbà wo ọ̀tún wo òsì, ó fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, tó ní, "Màmá, ṣé ọmọ yìí ò jẹ nǹkan kan?" ìyá ní, "Rárá o, nọ́ọ̀sì, kò jẹ nǹkan kan." Àánú ọmọ ló ṣe ìyá àgbà, kò ro ibi rárá. Bó bá sọ òótọ́, wọ́n á kàn sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú fún wákàtí mélòó kan tàbí títí di ọjọ́ kejì ni. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ iṣẹ́ kì í béèrè bóyá ọmọ jẹun. Á ní, "Kí ló jẹ kẹ́yìn, aago mélòó sì ni?" Bí ìdáhùn bá fi hàn pé oúnjẹ ṣì wà nínú ikùn, ojúṣe rẹ̀ ni láti ní kí wọ́n dúró, kódà bí dókítà bá ti fọ ọwọ́ tán, tí ẹbí sì ń bínú pé àwọn ti sanwó.

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, kò sí àyè ìdúró. Ńṣe ló máa ṣe bíi pé ikùn aláìsàn kún: á kọ́kọ́ fún un ní ọ́síjìn dáadáa, á lo oògùn tó ń tètè ṣiṣẹ́, á ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí wàràwàrà, ẹ̀rọ tó ń fa èébì á sì wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀.

Kí abẹ tó kan ara

Á yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, á rí i pé ọ́síjìn wà nínú sílíńdà, pé òmíràn sì wà nílẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dìde, rọ́bà onífẹ̀ẹ́fẹ́ kan wà tó máa fi ọwọ́ tẹ̀ láti bá aláìsàn mí. Síríńjì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ oògùn lára. Mọ́fíìnì àti pẹ́tídíìnì wà lábẹ́ àgádágodo, èyí tó bá lò àti èyí tó kù, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde ní ọdún 2008, tó ní kí wọ́n ka orúkọ aláìsàn, irú iṣẹ́ abẹ àti apá ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe sókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òun náà ní ìdáhùn tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ kútẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ nílé. Ohun kékeré tó máa há yín níka ló ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dà èékánná sì lè dí i lójú.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ńkọ́?

Tí wọ́n bá fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń yàn. Ìyá ò ní sùn, yóò gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí iṣan gbòógì inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí lára àgbàlagbà, ni wọ́n ti ń gún un. Kó sọ èèyàn di arọ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ̀yìn dídùn tí ọ̀pọ̀ ìyá ń kà sí i lọ́rùn, oyún fúnra rẹ̀ máa ń fà á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa ni pé ìfúnpá lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì máa kọ́ ìyá, kí èébì máa gbé e. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì kì í fi í kúrò nídìí rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ń wọn ìfúnpá léraléra. Bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí orí ń fọ́ ìyá nígbàkígbà tó bá dìde jókòó, kó padà lọ sọ fún wọn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1846 ni William Morton fi gáàsì ether kun aláìsàn lóorun ní gbangba ní ìlú Boston, Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi bọ́ sí i. Alice Magaw, nọ́ọ̀sì kan ní Minnesota, kọ̀wé ní ọdún 1906 lórí àwọn tó lé ní 14,000 tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kùn lóorun, láìsí ẹyọ ẹnì kan tí oògùn náà pa. Ní Amẹ́ríkà lónìí, CRNA ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà báyìí máa ka ìwé dé ìpele dókítọ́reètì. Ọ̀tọ̀ ni ti ìlú Ọba. Dókítà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀, nọ́ọ̀sì akunilóorun tó bá ti ibí lọ máa ní láti wá apá mìíràn ṣe.

Tí wọ́n bá ti rán ojú iṣẹ́ abẹ tán

Dókítà lè bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa lọ. Nọ́ọ̀sì akunilóorun ò tíì lè lọ. Ó máa dúró títí aláìsàn á fi máa mí fúnra rẹ̀, tó ń dáhùn orúkọ, tí ìrora rẹ̀ ṣeé fara dà, kó tó fà á lé nọ́ọ̀sì mìíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tó kọ ohun gbogbo sí. Ẹni tó bá ń lọ sílé lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa mú un lọ. Fún wákàtí 24, kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà, kò gbọ́dọ̀ mutí, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kankan, kódà kó fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.