Orúkọ Tí Ó Yẹ Kí Ó Máa Bá Orin Rìn

Àwọn àgbà ní, yinni yinni, kí ẹni lè ṣe mìíràn. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe yin ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ìtàn orin inú kọ̀ǹpútà gbé síwájú wa.

Ní ayé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ara páálí àwo ni a ti ń ka orúkọ akọrin, ti ẹni tí ó kọ orin sílẹ̀, àti nígbà mìíràn ti onílù àti elégbè. Ẹni tí a bá yá ní àwo, a yá a ní orúkọ wọn pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ Jámánì, Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer wá ọ̀nà láti dín àyè tí orin ń gbà kù. Ohun tí etí ènìyàn kò ní tètè fura sí ni wọ́n ń yọ kúrò. Oṣù keje ọdún 1995 ni wọ́n fi mp3 ṣe ìparí orúkọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Orin ìṣẹ́jú kan tí ó ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 10 lórí àwo CD lè wá gba 1 péré.

Orin fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi páálí rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1996, Eric Kemp fi àkọsílẹ̀ kékeré kan, ID3, sí ìparí fáìlì. Lẹ́tà 30 ni àyè àkọlé orin, 30 ti akọrin, 30 ti àwo, 4 ti ọdún. Ẹni tí ó kọ orin kò ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀dà kejì, tí ó jáde ní 1998, ni ó fún un ní àyè. Síbẹ̀, àyè kì í kọ orúkọ fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni í kọ ọ́.

Ní 1999, Shawn Fanning, ọmọ ọdún 18 ní Amẹ́ríkà, gbé Napster jáde. Àwọn ènìyàn wá ń mú orin láti inú kọ̀ǹpútà ara wọn. Orúkọ tí oní-fáìlì bá kọ ni ayé ń gbà; bí ó bá ṣì í kọ, àṣìṣe náà ń tàn kálẹ̀. Wọn kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ olórin. Ẹgbẹ́ olórin Metallica pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2000. Ní oṣù keje 2001, Napster dá pínpín orin náà dúró.

Ní oṣù Kejìlá 2002, àjọ Creative Commons gbé ìwé àṣẹ jáde, tí olórin lè fi yọ̀ǹda iṣẹ́ rẹ̀ fún pínpín. Ìwé àṣẹ pàtàkì wọn 6 tí ó wà lónìí ló sọ dídárúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ di dandan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀tọ́ méjì ni olórin ní lọ́rùn wa: kí a gba àṣẹ rẹ̀, kí a sì dárúkọ rẹ̀. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì. Kí o tó fi orin ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, wo orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, wádìí rẹ̀, kí o kọ ọ́. Má ṣe jẹ́ kí orúkọ oníṣẹ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ.