Ehoro Tehuantepec àti Pápá Tó Ń Dínkù

Gúúsù Mẹ́síkò, ní ìpínlẹ̀ Oaxaca, ni ehoro Tehuantepec ń gbé. A kì í rí i níbòmíràn láyé. Ilà dúdú méjì tó ti ìdí etí wá sí ẹ̀yìn ọrùn la fi ń dá a mọ̀, ìhà rẹ̀ méjèèjì sì funfun. Bíi ti ehoro inú ọ̀dàn ilẹ̀ Yorùbá, kì í gbẹ́ ihò. Inú koríko ló ń ba sí, ọmọ rẹ̀ á sì ti lajú, á ti nírun lára, lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Johann Andreas Wagner, onímọ̀ ẹranko ará Jámánì, ló sọ ọ́ ní Lepus flavigularis lọ́dún 1844. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, òkú rẹ̀ làwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ ju ààyè rẹ̀ lọ. Edward Nelson àti Edward Goldman, ará Amẹ́ríkà, rin Mẹ́síkò káàkiri láti 1892 sí 1906, wọ́n ń kó awọ àti agbárí ẹranko jọ. Ní 1909 ni ìwé Nelson lórí àwọn ehoro Àríwá Amẹ́ríkà jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ya irú ehoro kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ṣùgbọ́n awọ inú àpótí kò lè sọ iye tó ṣẹ́ kù nínú pápá.

Tẹ́lẹ̀, etíkun Pàsífíìkì láti Salina Cruz títí dé Tonalá ní Chiapas ni wọ́n fọ́n ká sí. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, agbo mẹ́rin péré ló kù, nítòsí àwọn ọ̀sà Oaxaca, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá wà láyè tirẹ̀. Lójú àwọn olùwádìí, gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó 1,000.

Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Fernando Cervantes, Consuelo Lorenzo àti Verónica Farías ló wá tọ ààyè rẹ̀ lẹ́yìn. Òru ni ehoro yìí ń jẹun, nítorí náà òru niṣẹ́ wọn: wọ́n á wa ọkọ̀ gba inú pápá, wọ́n á máa tan iná wá a. Èyí tí ọwọ́ bá tẹ̀, wọ́n á so ẹ̀rọ rédíò kékeré mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé ehoro àgbà kan ń rìn ká nǹkan bíi hẹ́kítà 55. Koríko ìbílẹ̀ tí igi nanche àti igi morro dúró káàkiri inú rẹ̀ ló fẹ́ràn. 

Ẹranko apẹran ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn. Iná àti ìbọn ló ń pa àgbà. Òfin Mẹ́síkò ti kà á mọ́ ẹranko tó fẹ́ẹ̀ pa run, àmọ́ ọdẹ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Àwọn darandaran ń finá sun pápá kí koríko tútù lè hù fún màlúù, oko ń gbòòrò, àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná sì ti gba ilẹ̀ púpọ̀ lágbègbè náà láti 1994. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí jẹ́ ti àjọni àwọn ará abúlé, ẹ̀yà Ikoots àti ẹ̀yà Zapotec, nítorí náà ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ iná àti màlúù wà ju ọwọ́ ìjọba lọ.