Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin: Dídá a sílẹ̀ kò le tó mímú un dúró

Nílùú Òkè-Onígbìn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, nípìńlẹ̀ Kwara, bí ọmọkùnrin bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, àpẹẹrẹ tí wọn yóò fi hàn án kò jìnnà. Ìrá, nípìńlẹ̀ Kwara kan náà, ni ìlú àwọn òbí Rashidi Yẹkini, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sáwọ̀n fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 1994. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré ńlá tó wà nílùú Ìlọrin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ló mọ̀ ọ́n gbá ńkọ́? Lẹ́yìn ìdíje ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ wo ni yóò gbà á, tí yóò bá a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, tí yóò sì máa san owó oṣù rẹ̀ déédéé?

Ìbéèrè yìí ló máa ń mú kí ìlú tàbí olówó kan ronú àtidá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí aṣọ eré bá ti wà, tí bọ́ọ̀lù wà, tí àwọn èèyàn pàtàkì sì péjọ síbi ìfilọ́lẹ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ohun tí ìtàn fi kọ́ni yàtọ̀ sí èyí. Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ló rọrùn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọdún kejì àti ọdún kẹta, nígbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀, ni ìdánwò máa ń dé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà

Kí àwọn aláṣẹ tó dá sí bọ́ọ̀lù obìnrin nílẹ̀ yìí ni àwọn aládàáni ti ń fi owó ara wọn gbé e dìde. Lára wọn ni Ọmọọba Bọ́lá Jẹ́gẹ́dẹ́, tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Jegede Babes ti ìlú Èkó, wà lára àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó kọ́kọ́ lókìkí. Lọ́dún 1990 ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà dá líìgì àwọn obìnrin sílẹ̀. Nígbà tó di 1991, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà ló ṣojú Áfíríkà níbi ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin, èyí tó wáyé ní Ṣáínà. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2023, ìdíje náà ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kò sì sí ọ̀kan tí Nàìjíríà kò lọ.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, ọdún 2025, nílùú Rabat, Mòrókò ti gbá góòlù méjì wọlé kí Super Falcons tó jí gìrì, tí wọ́n sì fi góòlù mẹ́ta sí méjì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Rasheedat Ajíbádé, balógun wọn, ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó fakọyọ jù nínú ìdíje náà. Ìjọba àpapọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní owó náírà tó jẹ́ iye 100,000 dọ́là, ó sì ṣèlérí ilé fún wọn.

Ẹ̀bùn ńlá ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni ọjọ́ ẹ̀bùn. Níbi líìgì abẹ́lé ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà, níbi tí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kì í ti í sábà dé. Àwọn Super Falcons fúnra wọn mọ bí ọ̀rọ̀ owó ṣe le tó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Kamẹrúùnù, wọ́n kọ̀ láti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi wọ́n sí l'Ábújá, wọ́n ní àfi bí wọ́n bá san owó tí wọ́n jẹ àwọn. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìlú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò.

Ta ló ń san owó?

Oríṣi olówó méjì ló ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ obìnrin ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni ìjọba ìpínlẹ̀. Lára irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Sunshine Queens ti Àkúrẹ́, Osun Babes ti Òṣogbo, Rivers Angels, Bayelsa Queens àti Edo Queens. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n lè kọ owó ẹgbẹ́ náà sínú ètò ìṣúná. Ewu rẹ̀ ni pé bí owó ìjọba bá dínkù, tàbí bí ìjọba bá yí padà, eré ìdárayá lè wà lára ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ gé.

Èkejì ni aládàáni. FC Robo ti ìlú Èkó ni a lè tọ́ka sí. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjọba, síbẹ̀ ibẹ̀ ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Rivers Angels. Lọ́dún 2014, ní Kánádà, òun ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje àgbáyé fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò tó ogún ọdún, òun náà ló sì gbá góòlù wọlé jù. Ajíbádé náà kọjá ní FC Robo kó tó lọ sí Norway, Sípéènì àti Faransé.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni Remo Stars Ladies ti Ìkẹ́nnẹ́, nípìńlẹ̀ Ògùn, tó wà lábẹ́ ilé kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọkùnrin Remo Stars tí Ọ̀gbẹ́ni Kunle Soname dá sílẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá bí Èkó tàbí Ìbàdàn. Síbẹ̀, nítorí pé pápá ìṣeré tó dára wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mẹ́fà tó kù nínú líìgì obìnrin ti parí sáà 2024/2025, tí Bayelsa Queens fi gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ìlú bí Òkè-Onígbìn ni pé bí ìlú ṣe tóbi tó kọ́ ló ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe pápá, ètò àti ẹni tí yóò máa san owó.

Ìlú kan, ẹgbẹ́ méjì

Kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti hàn tó ìlú San Jose, nípìńlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2001, líìgì obìnrin kan tó ń jẹ́ WUSA bẹ̀rẹ̀ ìdíje ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ San Jose, CyberRays, ló gba ife-ẹ̀yẹ ọdún àkọ́kọ́. Mercy Akide, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kọ́kọ́ yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà, náà gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì yìí, fún San Diego Spirit. Ṣùgbọ́n owó tó ń jáde pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ fíìfíì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, lẹ́yìn sáà mẹ́ta péré, líìgì náà kógbá sílé. Ife-ẹ̀yẹ tí CyberRays gbà kò lè gbà wọ́n là.

Brandi Chastain wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún CyberRays. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà rí, Leslie Osborne, Danielle Slaton àti Aly Wagner, tún dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní agbègbè kan náà. Bay FC ni orúkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, owó ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Ilé-iṣẹ́ olùdókòòwò kan, Sixth Street, kéde pé òun yóò fi mílíọ̀nù 125 dọ́là sí i, nínú èyí tí mílíọ̀nù 53 jẹ́ owó àtiwọ líìgì nìkan. Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n kéde ẹgbẹ́ náà, nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni wọ́n sì fi múra kí wọ́n tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n na Angel City ní góòlù kan sí òdo. Asisat Oshoala, ọmọ tó ti FC Robo l'Ékòó jáde, ló gbá góòlù náà wọlé, òun sì ni góòlù àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà.

Àtẹ̀gùn líìgì àti òfin rẹ̀

Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò máa yege láti ìpele dé ìpele títí yóò fi dé NWFL Premiership, tó jẹ́ ìpele gíga jù lọ. Láti ọdún 2021, ẹni tó bá gba ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀ ní àǹfààní àtidu ìdíje àwọn akọni obìnrin Áfíríkà tí àjọ CAF dá sílẹ̀. Edo Queens gba ọ̀nà yìí dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá lọ́dún 2024. CAF tún fi sínú òfin ìwé àṣẹ rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ọkùnrin tó bá fẹ́ kópa nínú ìdíje òun gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ obìnrin tàbí kó bá ọ̀kan so pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Kwara gbọ̀ngbọ̀n, nítorí Kwara United ló gba ife-ẹ̀yẹ Ààrẹ ọdún 2025, èyí tó ṣílẹ̀kùn ìdíje Áfíríkà fún un.

Òfin kan wà tí àwọn òbí nípìńlẹ̀ Kwara yóò fẹ́ mọ̀. Láti ọdún 2014 ni àwọn aṣòfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti fàyè gba ìbòrí lórí pápá, nítorí náà, ọmọbìnrin Mùsùlùmí kò ní láti ṣí orí sílẹ̀ kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Bákan náà, láti ọdún 2021 ni FIFA ti pa á láṣẹ pé agbábọ́ọ̀lù tó bá lóyún gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ó kéré tán, kí ẹgbẹ́ sì máa san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá pe ara rẹ̀ ní ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ èyí sínú ìwé àdéhùn.

Ìṣirò tí kò ṣeé sá fún

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fàyè gbà ní Nàìjíríà láti ọdún 2024 ni 70,000 náírà. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní agbábọ́ọ̀lù 25, tó sì ń san iye yìí péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 1.75 náírà ni yóò máa jáde lóṣooṣù, tí í ṣe mílíọ̀nù 21 lọ́dún. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, oníṣègùn, oúnjẹ, ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ kò tíì sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà jìn láti Kwara dé Yenagoa tàbí Port Harcourt.

Owó yìí wúwo fún ẹnì kan, ó sì lè tètè sú onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí 700 ọmọ ìlú àti ọ̀rẹ́ ìlú, nílé, l'Ékòó, n'Ílọrin àti lẹ́yìn odi, bá ń dá 2,500 náírà lóṣooṣù, iye náà pé géérégé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá owó ilé-ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n lè gbà dá owó yìí, bí ìwé ìṣirò bá wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ lè wá kún un, kí ẹgbẹ́ náà má baà kú bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣíwọ́.

Kí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ tó dé, ó yẹ kí owó sáà méjì ti wà ní báńkì, kí pápá tó tẹ́jú ti wà, kí obìnrin wà lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àti aláṣẹ, kí ètò sì wà tí àwọn ọmọ náà kò fi ní í pa ìwé tì. Àwọn òbí náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ wọn ń sùn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìlú tó bá fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù jẹun gbọ́dọ̀ bá a gbé ẹrù náà, kì í ṣe ní ọjọ́ àríyá nìkan, bí kò ṣe ní oṣù kọ̀ọ̀kan tí owó oṣù bá pé.