Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹnu Ọ̀nà Báǹkì: Ìtàn Èdè Ìdánwò Ìgbanisíṣẹ́ àti Àwọn Ọmọ Yorùbá Adjamé Roxy ní Abidjan

1.0 Ìfáàrà

Ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, orúkọ ilé sinimá kan tí ó ń jẹ́ Roxy ni ó di orúkọ ọjà tí ó yí i ká. Aṣọ, bàtà, ohun èlò ilé, títí dé oògùn tí ìjọba kò fọwọ́ sí, ni a fi mọ ọjà náà. Jula àti Faransé ni èdè tí etí kọ́kọ́ ń gbọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá náà ní àyè tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, ti ń tajà ní Adjamé láti ìran dé ìran. Ànàgó ni àwọn onílùú ń pè wọ́n.

Èrò kan wọ́pọ̀ nípa Ànàgó: ọmọ Nàìjíríà ni, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba Nàìjíríà, nítorí náà Ànàgó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí a ti ń dán èrò yìí wò ni apá Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò tí àwọn báǹkì fi ń gba òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ọ̀nà méjì tí ó pàdé nínú yàrá ìdánwò náà: ọ̀nà tí Yorùbá gbà dé Abidjan, àti ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ báǹkì ní ìlú tí Faransé jẹ́ èdè ìjọba. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá. Ọmọ Yorùbá tí a bí ní Abidjan kò jogún Gẹ̀ẹ́sì kankan lọ́wọ́ orúkọ tí a ń pè é.

2.0 Bí Yorùbá ṣe dé Abidjan

Ọdún 1934 ni Abidjan di olú ìlú ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Nígbà tí a ṣí ipa omi Vridi ní 1950, tí ọkọ̀ òkun ńlá sì lè wọ inú ọ̀sà, òwò ìlú náà gbòòrò gidigidi. Òwò ni ó fa Yorùbá lọ síbẹ̀, kì í ṣe ilé ìwé, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹni tí ó ti Èjìgbò gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà dé Adjamé kò nílò Gẹ̀ẹ́sì láti ta igbá kan. Jula ni ó kọ́ láti bá oníbàárà sọ̀rọ̀, Faransé ni ó sì kọ́ láti dá òṣìṣẹ́ ìjọba lóhùn. Yorùbá ni ó fi ń ka owó rẹ̀ nílé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò ní ilẹ̀ náà. Yorùbá pọ̀ lára àwọn tí òfin yìí lé. Ọ̀pọ̀ padà sílé, àwọn kan sì kọjá sí Côte d'Ivoire. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníṣòwò náà bá mú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ láti Gánà, Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni, tí a ń gbọ́, tí a ń sọ, tí a kì í kọ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan lọ sí ilé ìwé ilẹ̀ náà. Faransé ni a fi ń kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni Gẹ̀ẹ́sì ń di iṣẹ́ kan láàárín ọ̀pọ̀ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí èdè ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ Ànàgó, ọmọ Baule àti ọmọ Sénúfò jọ ń bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà ni.

3.0 Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ báǹkì

Ní ayé ìjọba àwọn Faransé, kò sí ohun tí ó kan Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ báǹkì ní Abidjan. Banque de l'Afrique Occidentale, tí a dá sílẹ̀ ní 1901, ni ó ń tẹ owó títí di 1955. Ní 1962, lẹ́yìn òmìnira, ni SGBCI, BICICI àti SIB bẹ̀rẹ̀. Faransé ni èdè ìwé wọn àti èdè ìdánwò wọn.

Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé ni Báǹkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni a fọwọ́ sí àdéhùn ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Khartoum. Èkó ni ìgbìmọ̀ gómìnà rẹ̀ ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ní 1964, Abidjan ni a fi ṣe ibùjókòó, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ohun kan wà nínú àdéhùn náà tí ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dá èdè fiyè sí. Ó ní àwọn èdè tí báǹkì náà yóò máa fi ṣiṣẹ́ ni èdè ilẹ̀ Áfíríkà, bí ó bá ṣeé ṣe, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Èdè Áfíríkà ni a kọ́kọ́ dárúkọ, òun nìkan ni a sì so gbólóhùn «bí ó bá ṣeé ṣe» mọ́. Títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè iṣẹ́ ibẹ̀. Láti 2015 sí 2025, ọmọ Yorùbá, Akínwùmí Adéṣínà, ni ààrẹ báǹkì náà. Kò sọ èdè abínibí rẹ̀ di èdè iṣẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ìjókòó ẹnì kan lórí àga kì í yí ètò èdè padà. Ètò tí báǹkì náà fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ amọṣẹ́ ń béèrè pé kí ẹni tí ó mọ ọ̀kan dáadáa nínú èdè méjèèjì lè fi èkejì ṣiṣẹ́. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàwé jáde ní Abidjan ṣe kọ́kọ́ rí i pé Faransé nìkan kò tó mọ́.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, báǹkì náà kó lọ sí Tunis ní 2003, kò sì padà tán sí Abidjan títí di 2014. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lọ, nítorí pé ìlẹ̀kùn mìíràn ti ṣí. Ní 1985 ni a dá Ecobank sílẹ̀ ní Lomé, láti ọwọ́ àjọ àwọn oníṣòwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Adéyẹmí Lawson láti Nàìjíríà àti Gervais Koffi Djondo láti Tógò wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Báǹkì tí ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ Faransé, tí ó fi èkejì tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè ṣe é kí ó má wá elédè méjì.

Ìlẹ̀kùn kẹta ti Èkó wá. Ní oṣù keje ọdún 2004, Charles Soludo, gómìnà báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, kéde pé báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù ní owó lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkèèrè. UBA dé Abidjan kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. GTBank dé ní 2012. Faransé ni èdè tí a fi ń dá oníbàárà lóhùn nínú ẹ̀ka wọn, ṣùgbọ́n Èkó ni olú iléeṣẹ́ wà. Nígbà yìí ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àkókò Ànàgó dé.

4.0 Ohun tí ó ń kọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀

Ìdánwò irú èyí sábà máa ń ní ìbéèrè lórí gírámà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti òye àyọkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní Yorùbá àti Faransé lẹ́nu ń ru ẹrù èdè méjì lọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn èdè méjèèjì jọ ń tì í sínú àṣìṣe kan náà.

4.1 Àsìkò. Faransé ní «Je suis à Abidjan depuis trois ans». Yorùbá ní «Mo ti wà ní Abidjan láti ọdún mẹ́ta». «Depuis» àti «láti» ṣe rẹ́gí, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ á kọ «I am in Abidjan since three years». Ohun tí ìdánwò ń fẹ́ ni «I have been in Abidjan for three years». Níbí, ọ̀rọ̀ ìṣe ní láti yí padà, atọ́kùn náà sì ní láti yí padà.

4.2 Arọ́pò orúkọ. Nínú «Mrs Koné called … husband», Gẹ̀ẹ́sì ń wo ẹni tí ó ni nǹkan, ó sì ń béèrè «her». Faransé ń wo ohun tí a ní, ó ń sọ «son mari», nítorí pé akọ ni «mari». Akẹ́kọ̀ọ́ á wá mú «his». Yorùbá kò lè gbà á sílẹ̀, nítorí pé «ọkọ rẹ̀» àti «ìyàwó rẹ̀» kò fi akọ yàtọ̀ sí abo lára ẹni tí ó ni wọ́n.

4.3 Ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Yorùbá ní «Oníbàárà dé» àti «Àwọn oníbàárà dé». Ọ̀rọ̀ ìṣe kò yí padà. Faransé ń kọ «arrive» àti «arrivent», ṣùgbọ́n ìró kan náà ni etí ń gbọ́. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ yìí rí nínú èdè méjì tí ó ń sọ ni a ń retí pé kí ó tètè rí «s» inú «the client arrives».

4.4 Ọ̀rọ̀ ajọra-má-jọ-ìtumọ̀. Èyí ni ó léwu jù fún òṣìṣẹ́ báǹkì. «La banque paiera éventuellement» túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí báǹkì san owó náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó má san án. «The bank will eventually pay» túmọ̀ sí pé báǹkì yóò san án nígbẹ̀yìn dandan. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú lẹ́tà ti ṣe ìlérí tí ọ̀gá rẹ̀ kò ṣe. Nípa ti irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìdánwò náà kò jẹ̀bi. Ó ní ìdí tí ó fi ń béèrè.

4.5 Òye àyọkà. A lè fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Bí àyọkà bá sọ pé báǹkì kan ṣí ẹ̀ka mẹ́ta, tí gbogbo wọn sì wà ní ìlú tí ó ní èbúté, ìbéèrè lè jẹ́: «Báǹkì náà fẹ́ràn ìlú èbúté ju ìlú mìíràn lọ.» Ṣé òótọ́ ni, irọ́ ni, tàbí kò hàn nínú àyọkà? Ìdáhùn ni pé kò hàn. Ọmọ tí ó dàgbà sí ìdí ọjà á mú «òótọ́», nítorí pé ọgbọ́n ọjà ni láti mọ èyí tí ẹnu kò sọ. Ohun tí ó jẹ́ làákàyè ní Roxy di àṣìṣe lórí tábìlì ìdánwò. Ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ó sọnù níbí. Àṣà ìkàwé kan ni a kò fi hàn án.

5.0 Èdè owó tí ìdánwò kò béèrè

Kì í ṣe pé èdè àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò mọ owó. Àjọ, èsúsú, èlé, ẹ̀yáwó, ìdúró àti onígbọ̀wọ́ ti wà nínú Yorùbá kí báǹkì kankan tó dé. Ní 1952, William Bascom kọ iṣẹ́ kan lórí èsúsú gẹ́gẹ́ bí ètò ìyánilówó Yorùbá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láti inú «èsúsú» ni «susu» tí a ń lò ní erékùṣù Kàríbíánì ti wá. «Tontine» ni Faransé ń pè é ní Abidjan. Obìnrin tí ó ń gba àjọ ní Adjamé ń ṣe ìṣirò, ó ń pa ìwé mọ́, ó sì ń dá onígbèsè tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé mọ̀ yàtọ̀. Jula àti Yorùbá ni ó fi ń ṣe é. Bí ọmọ rẹ̀ bá jókòó sí ìdánwò, kò sí ìbéèrè kan tí ó wọn ìmọ̀ tí ó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ayọ̀ Bámgbóṣé ti ṣàlàyé nínú Language and Exclusion, ní ọdún 2000, bí ètò èdè ṣe ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ní Áfíríkà. Ohun tí ti Abidjan fi kún un ni pé ìlẹ̀kùn náà lè di méjì léra wọn. Ọmọ tí ó fi ọdún púpọ̀ ja Faransé borí bá Gẹ̀ẹ́sì ní ìdúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìtìjú sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ Ànàgó ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ọmọ Baule bá kùnà Gẹ̀ẹ́sì, wọn á ní èdè àjèjì ni. Bí ọmọ Ànàgó bá kùnà á, wọn á ní èdè ilé rẹ̀ ni kò gbọ́.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ yìí fi hàn pé àdéhùn àti olú owó ni ó gbé Gẹ̀ẹ́sì wọ báǹkì ní Abidjan: Khartoum ní 1963, Lomé ní 1985, Èkó ní 2004. Ẹsẹ̀ àti ọjà ni ó gbé Yorùbá dé Adjamé. Àwọn méjèèjì kò pàdé rí kí ìdánwò tó pa wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ tí ó bá gbà pé ọmọ Ànàgó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ti ṣì í kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó sì ń fi Faransé nìkan ṣàlàyé kò lè rí ìdajì ibi tí àṣìṣe ti ń wá.

Ohun tí onímọ̀ ẹ̀dá èdè lè ṣe kò ju agbára rẹ̀ lọ. Kí a kọ gbólóhùn mẹ́ta sójú pátákó kan náà, ti Yorùbá, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí «láti» àti «depuis» ti jọ ṣì í lọ́nà. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó ti ṣìnà ni ó lè padà sójú ọ̀nà. Ní ti «bí ó bá ṣeé ṣe» tí ó wà nínú àdéhùn ọdún 1963, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Kì í ṣe èdè Áfíríkà ni kò ṣeé fi ṣe iṣẹ́ owó. Àwọn obìnrin Adjamé ń fi ṣe é lójoojúmọ́.