Ọyẹ́ Dé, Họlidé Dé: Bí Àwọn Òbí Wa Ṣe Tọ́ Ọmọ Yorùbá Lókè Ọya

 

Ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ sọ lónìí. Ọyẹ́ ti bo gbogbo òkè Jos, ètè àwọn ọmọ ti ń là, ilé ìwé ti wọ họlidé, ariwo ọmọ sì ti gba gbogbo ilé. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu wa láti Kánò dé Bukuru: ṣé a máa kó àwọn ọmọ lọ sílé lọ́dún yìí, àbí a máa jókòó? Bàbá ń ṣírò owó ọkọ̀. Ìyá ń bẹ̀rù ọ̀nà. Màmá àgbà ń pè lórí fóònù láti ilé, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ ọmọ àwọn. A gbé fóònù fún ọmọ ọdún márùn-ún, ó ní "Hello Grandma", ó dákẹ́. Màmá béèrè pé ṣé ó ti jẹun, ọmọ wo ojú wa, kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ó dùn wá dé egungun.

Kí á tó máa dá ara wa lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Òkè Ọya níbí náà ni àwọn tó bí wa gbé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bí wọn náà gbé ibẹ̀. Hausa ni wọ́n ń sọ lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ lọ́fíìsì, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

RÉLÙWÉÈ LÓ SỌ WÁ DI PÚPỌ̀

Òwò ti mú Yorùbá dé ilẹ̀ Hausa kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n rélùwéè ló sọ wá di púpọ̀ níbẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1896. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì kan Odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Ní apá òkè, ọ̀nà mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ láti Baro, létí Odò Ọya, dé Kánò ní 1911, ọ̀nà méjèèjì sì pàdé ní Mínná. Ní Jẹ́bà, ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ ń gbé rélùwéè kọjá, kí wọ́n tó parí afárá ní 1916. Láti ìgbà náà, ènìyàn lè wọ rélùwéè l'Ékòó, kó máa bá a lọ títí dé Kánò, ìrìn tó lé ní 1,100 kìlómítà.

Jos ní tirẹ̀, kuza ló kọ́ ọ. Inú ilẹ̀ òkè yẹn ni òyìnbó ti ń wa kuza, ọ̀nà irin tóóró kan ló sì kọ́kọ́ ń kó o láti Bukuru lọ sí Zaria. Nígbà tó di 1927, ọ̀nà irin ńlá dé Jos láti Kàfánchàn. Àwọn ènìyàn wa bá a wá: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, káfíńtà, tíṣà, àti àwọn oníṣòwò aṣọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀, ará Ọ̀fà pọ̀, ará Ìlọrin náà ò gbẹ́yìn.

Ní Kánò, Sabon Gari ni ìjọba ìgbà náà ní kí àwọn àlejò máa gbé. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hausa ni ìlú tuntun. Bí Hausa ṣe ń gbé Sábó n'Íbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń gbé Sábó ní Kánò, títí dòní sì ni òpópó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Yoruba Road. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ wa. Ọmọ tí wọ́n bí sí Sábó ń bá ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa, ọmọ Núpé àti ọmọ Urhobo ṣeré. Kí ó tó pé ọdún mẹ́fà, ó ti gbọ́ èdè mẹ́ta. Èyí tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù ni pé Yorùbá lè jẹ́ ìkẹta nínú wọn.

ỌKỌ̀ TÓ Ń KÓ ỌMỌ LỌ SÍLÉ

Láyé àwọn òbí wa, oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún ilé ìwé ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kejìlá ló ń parí. Nítorí náà, họlidé ọyẹ́ ni ọmọ fi ń bọ́ láti kíláàsì kan sí òmíràn, ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ sì ní láti dé ọwọ́ bàbá àgbà. Àwọn Onígbàgbọ́ ń lọ ṣe Kérésì. Àwọn Mùsùlùmí náà ń lọ, torí bí Iléyá bá bọ́ sí àárín ẹ̀kọ́, ọmọ ilé ìwé kò lè kúrò. Oṣù Kejìlá ni gbogbo ilé ń ráyè.

Ẹni tó bá wọ rélùwéè yẹn rí lọ́mọdé kò lè gbàgbé. Ìyá á ti dín dòdò àti àkàrà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì ọ̀la. Wọ́n á fi òrí pa wá lára láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà fún wa, ọmọ ọwọ́ á wà lẹ́yìn ìyá nínú ọ̀já, kúbùsù á sì bo àwọn méjèèjì. Láti Jos, ọkọ̀ á gba Kàfánchàn, Kàdúná, Mínná. Gbogbo ibi tó bá ti dúró, Hausa ni àwọn tó ń kiri ń pè. Ọmọdé á sùn, á jí, á béèrè pé ṣé a ti dé. Wọ́n á ní ó kù.

Nígbà tó bá kan Jẹ́bà, ìyá á jí gbogbo wa. "Ẹ dìde, ẹ wo Odò Ọya." A ń pe ibi tí à ń gbé ní òkè Ọya láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fi ojú rí ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Bí ọkọ̀ bá ti dé Ìlọrin, ohùn àwọn tó ń kiri á yí padà. Wọ́n ń polówó ní Yorùbá, ọmọ kékeré á sì yà á lẹ́nu pé àjòjì ń sọ èdè tí ìyá òun ń sọ nínú ilé. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ á sọ̀ níbẹ̀ láti wọ mọ́tò, torí ọ̀nà irin kò gba ìlú wọn kọjá. Ará Ọ̀fà àti ará Òṣogbo á máa bá tiwọn lọ.

Nílé, ojú kọ́kọ́ máa ń ti wá. Àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n ń gbé ilé ń pè wá ní gàmbàrí. Àwa náà á kí màmá àgbà ní "ina kwana" láàárọ̀, gbogbo agbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó máa bá wa sọ Hausa. Bí o bá fẹ́ omi, o máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Láàárọ̀, màmá á fi oríkì pè ọ́ títí orí rẹ á fi wú. Lálẹ́, àlọ́ ìjàpá. Bí o bá kí àgbà lóòró, wọ́n á ní kí o padà wá dọ̀bálẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, a ti ń jà ní Yorùbá, a ti ń lá àlá ní Yorùbá. A padà sí Jos ní oṣù Kìn-ín-ní pẹ̀lú ẹnu tuntun, ìyá wa sì ń fi ìyẹn lò wá títí ọyẹ́ mìíràn á fi dé.

Iṣẹ́ tí irin-àjò yẹn ń ṣe nìyẹn. Àwọn òbí wa kò pè é ní ilé ìwé, àmọ́ ilé ìwé ni.

NÍGBÀ TÍ Ọ̀NÀ YÍ PADÀ

Ìdàrúdàpọ̀ 1966 àti ogun tó tẹ̀ lé e láti 1967 sí 1970 dá ìrìn dúró fún ọ̀pọ̀ ilé. Lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì dé, títì pọ̀ sí i, mọ́tò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rélùwéè. Láàárín 1980 sí 1999, rélùwéè rọ díẹ̀díẹ̀ títí àwọn ọmọ wa fi mọ̀ ọ́n bí ìtàn. Bọ́ọ̀sì alẹ́ la wá ń wọ̀, ọmọ lórí itan, ẹrù lábẹ́ ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà Jos ti oṣù Kẹsàn-án 2001. Ní oṣù Kejì 2002, iná jó ọjà ńlá Jos, ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá wa ti ń tajà. Àwọn kan kó lọ sílé pátápátá. Àwọn kan kó ọmọ lọ, àwọn fúnra wọn padà wá. Ní oṣù Kejìlá 2012, wọ́n dá rélùwéè Èkó sí Kánò padà, inú wa dùn, ó sì lé ní ọgbọ̀n wákàtí lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ajínigbé gba gbogbo títì. Nígbà tí wọ́n kọlu rélùwéè Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022, ọ̀pọ̀ ìyá pinnu pé àwọn ò ní kó ọmọ kékeré rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Ẹni tó bá wà láàyè ló ń sọ Yorùbá.

ÀWỌN TÍ KÒ LỌ NÁÀ ṢE É

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a máa ń gbàgbé. Kódà nígbà tí rélùwéè ń sáré, gbogbo ilé kọ́ ló ń rówó lọ lọ́dọọdún. Ilé tí ọmọ pọ̀ sí lè lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta. Àwọn ọmọ wọn náà gbọ́ Yorùbá. Kí ni wọ́n ṣe?

Ọyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Òtútù Jos ò kéré, lóru ó lè lọ sílẹ̀ dé dígírì mẹ́wàá, nígbà mìíràn ó máa ń dín sí i. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kò sí ọmọ tó máa dúró níta. Gbogbo ilé á kóra jọ sídìí ìkòkò èédú ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọ aládùúgbò á wá, màmá kan tó mọ àlọ́ á jókòó sáàárín. Wọn kì í gbé èédú náà wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì. Àwọn àgbà mọ̀ pé èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí lè pa ènìyàn sójú oorun, ó sì yẹ kí àwa náà rántí rẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ṣe ìpàdé òpin ọdún, wọ́n á sì ní kí àwọn ọmọdé jáde wá sọ orúkọ ìlú wọn, orúkọ bàbá wọn àti oríkì wọn. Ẹni tó bá sọ ọ́ gba bisikíìtì. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á sunkún délé, ọdún tó ń bọ̀ á ti mọ̀ ọ́n.

A kò sọ pé jíjókòó dára tó lílọ. Ilé làbọ̀ sinmi oko, kò sí ohun tó dà bí ọwọ́ màmá àgbà lórí ọmọ. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn wá ni pé kì í ṣe ọkọ̀ ló kọ́ wa ní Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo ilé kò sọ èdè mìíràn sí ọmọ ló kọ́ wa. Àwọn òbí wa rìn dé Jẹ́bà kí wọ́n tó rí i gbà. Àwa lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú pálọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀. Bí ẹ bá jókòó, ẹ má jẹ́ kí họlidé yìí bá tẹlifíṣọ̀n lọ. Láti òní títí ilé ìwé á fi wọlé, ẹ jẹ́ kí ilé yín gbọ́ Yorùbá nìkan láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ pe màmá nílé lálẹ́, kì í ṣe láti kí wọn lásán, ẹ ní kí wọ́n pa àlọ́ kan fún àwọn ọmọ lórí fóònù. Ẹ béèrè oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ bá fi Hausa dáhùn, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Hausa náà wúlò fún un, òun ló fi ń gbé láàárín ènìyàn. Ẹ kàn tún un sọ fún un ní Yorùbá, kó sọ ọ́ tẹ̀ lé yín.

Nígbà tí màmá bá tún pè ní ọjọ́ ọdún tuntun, tí wọ́n béèrè pé ṣé ó ti jẹun, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti jẹun. Ẹ kú ọdún o."

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọdún. A ó ṣe púpọ̀ láyé, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wa.