Olùkọ́ Tí Ó Kó Àwọn Olùkọ́ Jọ

Ìtàn bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Ìsìnkú olùkọ́ wa kan ló kó wa jọ ní Ìkòròdú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwa ọmọ Ìkòròdú àti àwa tí a ti Ẹ̀pẹ́ wá. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ó ti pẹ́ tí ó ti wà lórí àìsàn, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó bẹ̀ ẹ́ wò. Ìtìjú ọjọ́ náà la fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ wa yìí kì í fi ọjọ́ ìpàdé NUT ṣeré. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, orúkọ ẹnì kan ni yóò dá: Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tí wọ́n ń pè ní Dáódù.

Nígbà tí Dáódù di ọ̀gá àgbà Girama Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, kò tíì sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá rówó san, Èkó ni yóò forí lé, tàbí kí ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ọwọ́ ọ̀gá náà le púpọ̀. Fela, ọmọ bíbí inú rẹ̀, jẹ nínú ẹgba náà nígbà tí ó yá, ní Abẹ́òkúta. Àwa kò ní sọ pé gbogbo ẹgba ló dára, nítorí àwa náà jẹ tiwa.

Ohun tí ó mú un wọ ìtàn tiwa ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1926. Ìjọba gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì ń wá bí wọn yóò ṣe máa fi kọ́ ọmọ. Dípò kí kálukú máa dá a rò ní kọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, wọ́n kóra jọ di ẹgbẹ́, Dáódù sì ṣáájú wọn. Àwọn olùkọ́ Èkó ti dá tiwọn sílẹ̀ ní 1925. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, 1931, wọ́n pàdé ní Girama CMS ní Èkó, wọ́n sì da ẹgbẹ́ wọn pọ̀. Bí a ṣe bí NUT nìyẹn. Dáódù ni ààrẹ àkọ́kọ́, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1954. Láàárín ìgbà náà, ó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot, tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣí ọ̀nà fún Yunifásítì Ìbàdàn ní 1948. Ó kú ní 1955.

Olùkọ́ wa máa ń sọ pé àwọn ọ̀gá bíi mélòó kan tí wọ́n ń fi orí korí lórí iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni ó di odindi NUT. A máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Mẹ́ta ló kù láyé nínú àwọn tí ó kọ́ wa, méjì ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́. Màlúù méjì ni ìgbìmọ̀ ayẹyẹ fọwọ́ sí. Lẹ́yìn àríyànjiyàn ìpàdé méjì gbáko, a ra ọ̀kan, a sì pín owó èkejì sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹran inú àwo yín kò bá fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lónìí, ibẹ̀ ló lọ.